Mẹ́mórì Ni Wọ́n Ń Bú, Pírósẹ́sọ̀ Ló Ń Kólòlò: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Náwó Lórí Kọ̀ǹpútà Géèmù Àtijọ́

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù orí rẹ wọ́." Ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Agége ránṣẹ́ pè mí ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ọdún Kérésìmesì. Olùkọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi yìí, ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, kì í sì í ṣe ẹni tí í fi owó ṣòfò. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò ní ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1992, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, ilé géèmù kan wà ní àdúgbò wọn tí wọ́n gbé ẹ̀rọ Street Fighter II sí. Ibẹ̀ ni owó ọkọ̀ rẹ̀ máa ń bá lọ, tí yóò sì fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé ìwé dé ilé.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń sọ pé bí Ọlọ́run bá bùkún òun, òun yóò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé òun. Nígbà tí àkókò tó, ó pe káfíńtà, ó ní kí ó bá òun kan àpótí onígi, ó ra ọ̀pá ìdarí àti bọ́tìnnì, ó wá ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan sínú rẹ̀. Pírósẹ́sọ̀ Core i3-2100 ni ó wà nínú kọ̀ǹpútà náà, mẹ́mórì rẹ̀ sì jẹ́ 4GB. Inú rẹ̀ dùn, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì tó wà ní yunifásítì ń bọ̀ wálé fún ọdún, ó sì fẹ́ kí wọ́n rí ohun tí bàbá wọn fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe.

Pac-Man ń lọ geere. Street Fighter II náà kò ní ìṣòro. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé orí NFL Blitz, géèmù bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà tí ilé iṣẹ́ Midway gbé jáde ní 1997, nǹkan yí padà. Ohùn ń já, àwòrán ń falẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù ń rìn bí ẹni tó wọ inú ẹrẹ̀. Ó padà sọ́dọ̀ ẹni tó ta kọ̀ǹpútà fún un. Onítọ̀hún kò tilẹ̀ wo ẹ̀rọ náà. Ó ní, "Dádì, RAM yín ló kéré." Ẹ̀gbọ́n mi sanwó, ó sọ ọ́ di 8GB. Kò yí padà. Ó tún padà lọ, wọ́n ní kí ó sọ ọ́ di 16GB. Owó ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, láti inú owó ilé tí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ yóò máa gbé ní yunifásítì ni ó ti yọ ọ́. Kò yí padà síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ó yẹ kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n mi nìkan kọ́ ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ra mẹ́mórì nígbà tí pírósẹ́sọ̀ ni wọn kò ní.

BỌ́TÌNNÌ KAN ṢOṢO TÓ TÚ ÀṢÍRÍ

Nígbà tí mo dé ọ̀hún, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí géèmù náà máa lọ, kí ẹ tẹ F11." Nínú MAME, ètò tí ẹ̀gbọ́n mi ń lò, bí a bá tẹ F11, yóò kọ iyára tí géèmù fi ń lọ sí orí àwòrán. 100 ni iyára tó pé. Bí ó bá já sí ìsàlẹ̀ 100, a jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kò lè bá géèmù náà sáré. Nǹkan bí 75 ni ti ẹ̀gbọ́n mi ń fi hàn.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣí Task Manager. Nínú mẹ́mórì 16GB tí ó fi omijé rà, gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà ń lò kò tó 3GB. Ìyókù jókòó lásán bí àga ilé àlejò. Ẹ̀gbọ́n mi wo apá ibi tí wọ́n kọ pírósẹ́sọ̀ sí, ó ní, "Àbúrò, pírósẹ́sọ̀ náà kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ tó ìdajì. Kí ló wá ń dà á láàmú?"

Ìbéèrè gidi ni. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà.

KÍ NI KỌ̀ǸPÚTÀ Ń ṢE GAN-AN?

Àwọn ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ tí a ń sọ owó ẹyọ sí lẹ́nu kì í ṣe irú kọ̀ǹpútà tó wà nínú ilé wa. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní bọ́ọ̀dù tirẹ̀ àti ṣíìpù tirẹ̀. Space Invaders, tí Tomohiro Nishikado ṣe fún ilé iṣẹ́ Taito ní ilẹ̀ Japan ní 1978, ṣíìpù Intel 8080 ni ó ń lò, tí iyára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 2 MHz. Pac-Man ti ilé iṣẹ́ Namco, tí ó jáde ní 1980, ṣíìpù Z80 ni tirẹ̀, nǹkan bí 3 MHz. Nígbà tí Capcom gbé Street Fighter II jáde ní 1991, Motorola 68000 tó ń sáré ní 10 MHz ni ó ń darí eré, Z80 kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń bójú tó ohùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí NFL Blitz dé ní 1997, ṣíìpù MIPS R5000 tí iyára rẹ̀ ju 100 MHz lọ ni wọ́n fi sínú rẹ̀, wọ́n tún fi ṣíìpù 3dfx Voodoo tó ń ya àwòrán kún un.

MAME ni ètò tó ń sín gbogbo àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí jẹ. Ará ilẹ̀ Ítálì kan, Nicola Salmoria, ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1997, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń bá a kún un láti ìgbà náà. Ètò yìí kì í sín àwòrán nìkan jẹ. Ó ń sín gbogbo ṣíìpù tó wà lórí bọ́ọ̀dù àtijọ́ náà jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àṣẹ kan ṣoṣo tí ṣíìpù àtijọ́ gbà lè di àṣẹ púpọ̀ fún pírósẹ́sọ̀ tiwa. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tí iyára rẹ̀ kò tó 200 MHz fi lè mú kọ̀ǹpútà tí iyára rẹ̀ ju 3000 MHz lọ máa mí hẹlẹ.

Ẹ wo onílù dùndún kan ṣoṣo tí wọ́n ní kí ó máa lu ìyáàlù, kí ó máa lu gúdúgúdú, kí ó sì máa lu omele, kí ìlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má sì já. Nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, nǹkan bí 60 àwòrán ni ọ̀pọ̀ géèmù wọ̀nyí ń gbé sí ojú ẹ̀rọ. Bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà 1000, nǹkan bí 16 tàbí 17 péré nínú rẹ̀ ni onílù wa ní láti fi parí iṣẹ́ àwòrán kan. Bí kò bá parí, ìlù já nìyẹn. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń rí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí a bá wá kó onílù mẹ́ta mìíràn jókòó tì í, kò lè ràn án lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí ìlù tí ó kàn dúró lé èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Bẹ́ẹ̀ ni ti pírósẹ́sọ̀ òde òní. Ọwọ́ púpọ̀ ni ó ní, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ni ó ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ MAME. Àwọn géèmù kan wà, bíi NFL Blitz, tí wọ́n lè pín iṣẹ́ yíya àwòrán fún ọwọ́ mìíràn, síbẹ̀ ọwọ́ kan náà ni ó ru ẹrù tó wúwo jù. Ìdí nìyí tí Task Manager fi sọ pé pírósẹ́sọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kò ṣiṣẹ́ tó ìdajì. Ọwọ́ kan ti rẹ̀ tẹnutẹnu, àwọn ọwọ́ ìyókù ń ṣeré. Bí ẹ bá fẹ́ rí i dájú, ẹ ní kí Task Manager fi ọwọ́ kọ̀ọ̀kan hàn yín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

ÌGBÀ WO NI MẸ́MÓRÌ ṢE PÀTÀKÌ?

N kò sọ pé mẹ́mórì kò wúlò o. Mẹ́mórì dà bí tábìlì tí alásè ń to ata, àlùbọ́sà àti ẹran sí. Pírósẹ́sọ̀ ni ọwọ́ alásè. Háàdì díìsìkì ni yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Bí tábìlì bá kéré jù, alásè yóò máa sáré lọ sí yàrá ẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà, oúnjẹ yóò sì pẹ́. Ṣùgbọ́n bí tábìlì bá ti gba gbogbo ohun tí ó ń sè, bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ tó pápá ìṣeré, ọwọ́ alásè kò ní torí ìyẹn yára sí i.

Àwọn géèmù àtijọ́ kò sì gba àyè púpọ̀ lórí tábìlì. Gbogbo Street Fighter II kò ju megabyte díẹ̀ lọ. Àwọn géèmù Neo Geo tó tóbi jù kò tó 100 megabyte. Èyí tó bá jẹ́ pé háàdì díìsìkì wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí NFL Blitz, díẹ̀díẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń kà á láti orí díìsìkì, kì í kó gbogbo rẹ̀ sórí mẹ́mórì lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà yín bá ní 2GB, ẹ fi kún un, nítorí Windows fúnra rẹ̀ yóò ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. 4GB lè tó fún ẹ̀rọ tí a yà sọ́tọ̀ fún géèmù nìkan. 8GB tó, ó tún ṣẹ́ kù. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ, bí kì í bá ṣe pé ẹ fẹ́ lo kọ̀ǹpútà náà fún iṣẹ́ mìíràn, owó tí ẹ jù sínú kànga ni.

Ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́ta nípa mẹ́mórì. Èkíní, bí Windows yín bá jẹ́ onílà 32, kò lè lo tó 4GB pé, iye tí ẹ ìbáà fi sínú rẹ̀. Èkejì, DDR3 kò lè wọ ihò DDR4, DDR4 kò sì lè wọ ihò DDR3. Wọ́n gé ojú wọn síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, iná tí wọ́n ń lò pẹ̀lú kò dọ́gba: 1.5 volt ni DDR3, 1.2 volt ni DDR4. Bí ó bá kọ̀ láti wọlé, ẹ má ṣe fi agbára tì í. Ẹ̀kẹta, ẹyọ méjì tó bára mu sàn ju ẹyọ kan ńlá lọ, nítorí bọ́ọ̀dù tó ní ọ̀nà méjì sí mẹ́mórì yóò lè gba méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. 4GB méjì sàn ju 8GB kan.

BÍ A ṢE Ń YAN PÍRÓSẸ́SỌ̀

Àwọn òǹtajà máa ń kígbe GHz sí wa létí. Òótọ́ ni pé GHz ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n kò dá dúró. Intel ní Pentium 4 kan tó ń sáré ní 3.8 GHz ní 2004. Nígbà tí Core 2 Duo dé ní 2006, èyí tí iyára rẹ̀ jẹ́ 2.4 GHz fi í sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá, nítorí iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ìgbésẹ̀ kan pọ̀ ju ti Pentium 4 lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn kò nílò láti gbé ẹsẹ̀ lemọ́lemọ́. Nítorí náà, ìran pírósẹ́sọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi GHz wéra láàárín àwọn tó jẹ́ ìran kan náà. Ẹ má sì jẹ́ kí iye ọwọ́ tó ní tàn yín jẹ. Fún MAME, ọwọ́ mẹ́rin tó yára sàn ju ọwọ́ mẹ́jọ tó ń fà.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni ìjókòó pírósẹ́sọ̀ lórí bọ́ọ̀dù, tí wọ́n ń pè ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìran kejì àti ìkẹta ti Intel Core, tó jáde ní 2011 àti 2012, LGA 1155 ni wọ́n ń jókòó lé. Ìran kẹrin tó dé ní 2013 ń lo LGA 1150. Ìran kẹfà àti ìkeje ń lo LGA 1151. Ẹ̀tàn wà níbí o! Ìran kẹjọ àti ìkẹsàn-án náà ń jẹ́ LGA 1151, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù ti àkọ́kọ́ kì í gba ti ìkẹyìn. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ọmọ ìyá kan kọ́ ni wọ́n.

Bọ́ọ̀dù ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ LGA 1155. Èyí túmọ̀ sí pé kò nílò láti ra kọ̀ǹpútà mìíràn. Core i3-2100 rẹ̀ ní ọwọ́ méjì, 3.1 GHz ni iyára rẹ̀, kì í sì í kọjá ibẹ̀. Core i5-3570 lè jókòó sí ààyè kan náà. Ọwọ́ mẹ́rin ni ó ní, ó sì lè sáré dé 3.8 GHz nígbà tí iṣẹ́ bá le. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe fún ìran kejì kì í dá ìran kẹta mọ̀ títí a ó fi sọ BIOS wọn di tuntun. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó yọ pírósẹ́sọ̀ àtijọ́ kúrò, kí ẹ sì rí i dájú pé iná kò ní lọ láàárín iṣẹ́ náà. Bí iná bá lọ níbi tí BIOS dé ìdajì, bọ́ọ̀dù lè kú pátápátá. Orí inverter ni a ti ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi.

OORU ÀTI EKURU

Core i3-2100 ń lo nǹkan bí 65 watt, Core i5-3570 ń lo 77. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n inú àpótí onígi ni ó wà, ní Èkó, tí ooru kò jẹ́ kí ènìyàn sinmi. Bí pírósẹ́sọ̀ bá gbóná jù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dín iyára rẹ̀ kù kí ó má baà jóná. Ẹ ó wá rí i pé géèmù ń lọ dáadáa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ẹ ní kí káfíńtà lu ihò sí ìsàlẹ̀ àpótí àti sí òkè ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí atẹ́gùn gbígbóná ń lọ sókè. Ẹ gbọn ekuru kúrò lára fáànù, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́. Bí ẹ bá ti yọ pírósẹ́sọ̀, ẹ nu ọ̀rá gbígbẹ tó wà lórí rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi tuntun sí i.

BÍ Ẹ BÁ DÉ ỌJÀ

Ní Computer Village ní Ìkẹjà, àti ní ibikíbi tí ẹ bá ti ń ra tòkunbọ̀, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ kọ orúkọ bọ́ọ̀dù yín àti ti sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí orí ìwé kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ ka ohun tí wọ́n fín sí orí irin pírósẹ́sọ̀ náà fúnra yín, ẹ má gba ti ẹnu gbọ́. Ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá ó ṣá tàbí ó bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì LGA, orí bọ́ọ̀dù ni àwọn abẹ́rẹ́ kéékèèké rẹ̀ wà, bí ọ̀kan bá tẹ̀, wàhálà dé. Ẹ ní kí wọ́n tan án lójú yín, kí ètò bíi CPU-Z sì sọ orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ fi ẹnu ko lórí bóyá wọ́n lè gbà á padà àti iye ọjọ́.

Ọ̀rọ̀ Windows náà wà ńbẹ̀. Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 kò sì fi ojú ire wo àwọn pírósẹ́sọ̀ Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ, àyàfi díẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá jẹ́ ti géèmù nìkan kò nílò láti wọ íntánẹ́ẹ̀tì, bí ó bá sì wù yín, MAME ń ṣiṣẹ́ lórí Linux.

Kí n má gbàgbé ti òfin. MAME fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, láti 2016 ni ó sì ti wà lábẹ́ ìwé àṣẹ tó gba gbogbo ènìyàn láyè láti lò ó. Ṣùgbọ́n àwọn géèmù ní olówó wọn. Díẹ̀ wà tí àwọn tó ni wọ́n ti yọ̀ǹda pé kí a máa ṣeré wọn lọ́fẹ̀ẹ́ níwọ̀n ìgbà tí a kò bá fi ṣòwò, Gridlee àti Robby Roto wà lára wọn. Ìyókù, ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti tà á ni kí ẹ ti rà á.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ Ẹ̀GBỌ́N MI PARÍ SÍ

Ẹni tó ta mẹ́mórì fún ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ láti gbà á padà. Ṣùgbọ́n ẹyọ 4GB méjì tó kọ́kọ́ rà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. A dá wọn padà sínú ẹ̀rọ, a sì ta 8GB méjèèjì fún ọmọkùnrin kan ní àdúgbò tó ń fi kọ̀ǹpútà ya páálí ìpolówó, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ mẹ́mórì ní tòótọ́. Kò tó iye tí ẹ̀gbọ́n mi rà á, ṣùgbọ́n ó ra pírósẹ́sọ̀ i5 náà, díẹ̀ sì ṣẹ́ kù tó padà sínú owó ilé ọmọ.

Nígbà tí a tan án, tí a tẹ F11, NFL Blitz ń rìn sún mọ́ 100, kì í sì í já bọ́ púpọ̀. Àwọn géèmù kan tó wúwo jù ú lọ ṣì ń kólòlò. Mo sọ òótọ́ fún un pé àwọn wọ̀nyẹn ń dúró de kọ̀ǹpútà mìíràn. Ó ní òun ti gbọ́, òun kò ní ra nǹkan kan mọ́ láì tẹ F11.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ fi Street Fighter II lù ú ní ọjọ́ Kérésìmesì. Ó ní bọ́tìnnì ló ń lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ó tètè tẹ F11 wò.